Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọkọ̀ Jim Clark tẹ́ ẹ fẹ́ bó lára

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń gbé England, a fẹ́ dáwó ra ọkọ̀ ìje Lotus àtijọ́ kan. Ẹni tó ń tà á ní Jim Clark, awakọ̀ ìje tó ti kú, ló wà á láyé ọjọ́un, àwo nọ́ńbà ṣáṣì ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. A fẹ́ bó gbogbo ọ̀dà ara ẹ̀, ká pààrọ̀ gbogbo ohun tó ti gbó, ká kùn ún kó máa dán yinrinyinrin, kí orúkọ ọkùnrin yẹn má bàa parẹ́. Ọ̀dà wo ló dáa jù?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà sílẹ̀ ná. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì ń sọ: báwo la ṣe máa sọ ọ́ di tuntun. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ di tuntun, ọkọ̀ tiyín nìyẹn, kì í ṣe ti Clark mọ́.

Àgbẹ̀ ni Clark o, ní Chirnside nílẹ̀ Scotland, àgùntàn ló ń sìn. Ó gba ife àgbáyé Formula 1 lọ́dún 1963 àti 1965, ní 1963 yẹn gan-an, nínú ìje 10 ó gba 7. Ìje Formula 1 tó wà láyé ẹ̀ jẹ́ 72, ó borí nínú 25, kí ìjàǹbá Formula 2 tó pa á ní Hockenheim, ní Jámánì, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1968, ọmọ ọdún 32 péré. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ kàwé nípa ẹ̀ ni Lotus 38 tó fi gba Indianapolis 500 lọ́dún 1965, nọ́ńbà 82, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò. Nínú ìyípo 200, òun ló wà níwájú fún 190, ọkọ̀ yẹn ló sì kọ́kọ́ gba ìje yẹn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn awakọ̀. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Henry Ford ní Dearborn, ní Michigan. Lọ́dún 2010 wọ́n gbé e lọ fún Classic Team Lotus, iléeṣẹ́ tó ń tún ọkọ̀ ìje Lotus àtijọ́ ṣe ní Hethel, ní England, lọ́dọ̀ Clive Chapman, ọmọ Colin Chapman tó dá Lotus sílẹ̀, wọ́n tún un ṣe kó lè tún rìn, ó sì sáré níbi àjọ̀dún ọkọ̀ ní Goodwood, ní England, lọ́dún yẹn. Kó lè rìn ni wọ́n wá, kì í ṣe kó lè dán.

Ọ̀dà àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bó yẹn, ẹ̀rí ni. Ẹ wá ibì kan tó fara sin, lábẹ́ ìjókòó tàbí lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ fi sàndípépà olómi tó kúnná jù lọ ra ibi tí ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ẹ rọra o. Àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìpele ìpele, pupa lè wà lókè, funfun lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó kan ọ̀dà ìpìlẹ̀ àti alumíníọ̀mù. Àwọ̀ ewé ni Lotus sábà máa ń kùn ọkọ̀ ìje Clark nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá wá dé orí irin láìrí àwọ̀ ewé kankan, ìbéèrè wà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ wo àwọn rífẹ́ẹ̀tì náà, àwọn irin bí ìṣó tí wọ́n fi kan irin pọ̀ mọ́ra: orí àwọn tí wọ́n kàn nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àtàwọn tí wọ́n kàn lẹ́yìn ìjàǹbá kì í sábà dọ́gba, àlàfo àárín wọn náà kì í dọ́gba. Ihò kékeré tí wọ́n dí, níbi tí dígí ti wà rí, ẹ fi wé fọ́tò ìje ọdún yẹn. Ẹ bó gbogbo ẹ̀ tán, kí lẹ fẹ́ fi wé fọ́tò? Bíi kéèyàn gbé aṣọ òkè bàbá ẹ̀ kó sínú Hypo torí pé ó fẹ́ kó mọ́ ni.

Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà náà tún burú, ó máa ń wọ àárín páànù alumíníọ̀mù méjì tí wọ́n kàn pọ̀, á dúró síbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ látinú. Àwọn tó máa ń fi yanrìn fẹ́ ẹ náà máa ń mú kí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn wọ́.

Ti àwo nọ́ńbà yẹn ń bí mi nínú jù. Ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sára irin pẹlẹbẹ kan. Láyé ọjọ́un, àwọn ẹgbẹ́ ìje gan-an máa ń ṣí àwo lára ọkọ̀ kan lọ sára òmíì torí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ẹni tó ń tà á bá fi ìwé HTP ti FIA, àjọ tó ń darí ìje ọkọ̀ lágbàáyé, hàn yín, ìwé yẹn ń sọ pé bí wọ́n ṣe to ọkọ̀ náà bá òfin ìje mu, kò sọ ẹni tó wà á rí. Ẹni tó bá fi ṣe ẹ̀rí pé Clark ló wà á ń tàn yín.

Kí lẹ wá lè pààrọ̀? Ohun tó lè pa èèyàn. Táyà, họ́ọ̀sì, bẹ́líìtì, báàgì rọ́bà tó ń gba epo dúró nínú táǹkì. Báàgì FT3 tí FIA fọwọ́ sí, ọdún 5 ni, wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fi 2 kún un. Ríìmù àtàwọn irin magnesium tó di táyà mú, ẹ gbé e fún ẹni tó ń fi aró tàbí ẹ́síréè wá ibi tó sán, torí ó lè ti sán kí ojú má rí i. Ẹ má fi sàndípépà ra irin magnesium o, ẹ̀tù ẹ̀ máa ń gbiná, omi á tún mú iná náà le sí i. Mi ò rí ọkọ̀ yín, mi ò sì ní kẹ́ ẹ wà á. Ohun tẹ́ ẹ bá tú, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ orúkọ mọ́ ọn, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí, ẹ má ta á, ẹ má sọ ọ́ nù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀dà ni, ẹ sọ pé ẹ̀dà ni, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá, ẹ kùn ún ní àwọ̀ ewé, ẹ fi sọ ìtàn Clark fáwọn ọmọ yín. Mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀ wà ní Duns, lẹ́bàá Chirnside, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó náwó kankan. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò abẹ́ ìjókòó, inú ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà, àti àwọn rífẹ́ẹ̀tì tó di àwo nọ́ńbà mú. Bó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.