Abúlé mẹ́ta lórí odò kan: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀ńjíníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kan nítòsí Iléṣà. Odò kékeré kan la fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan nínú wa sì ń sin ẹja. Abúlé òkè odò fẹ́ ṣe dáàmù, abúlé ìsàlẹ̀ wa náà ti ra pọ́ǹpù ńlá. Ọ̀rọ̀ ti ń di ariwo. Àwọn kan ní ká pín omi náà sí mẹ́ta dọ́gba, àwọn mìíràn ní ká gba lọ́yà. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà. Inú mi dùn pé ẹ tètè béèrè kí wọ́n tó da kọnkéré sódò. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà ṣì dúró ná. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wọn odò náà, kí gbogbo wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òǹkà tí ẹ̀yin nìkan bá gbé wá, àwọn ìyókù ò ní gbà á gbọ́.

Oṣù kejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Lágbègbè wa níbí, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, òjò máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, ìwọ̀nba omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ ló kù tó ń gbé odò ró. Oṣù kejì sí ìkẹta ni ìjà omi máa ń bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà, tí òkúta ò pọ̀. Ẹ fi téèpù wọn mítà 10 létí rẹ̀, kí ẹ ri igi mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ ju ọsàn kan sómi lókè igi àkọ́kọ́, kí ẹnì kan fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kó tó dé igi kejì. Ọsàn dára ju ewé lọ, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ omi, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e sáré. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn fífẹ̀ odò, kí ẹ sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ níbi mélòó kan láti mọ bó ṣe jìn tó.

Ká ní ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó jìn ní mítà 0.1, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 50. Ìyára rẹ̀ jẹ́ mítà 0.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 1.5 lọ́nà 0.1 lọ́nà 0.2 jẹ́ 0.03, ìyẹn lítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ojú odò máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ, torí náà ẹ tún ṣe é lọ́nà 0.85. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan bíi lítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó lé ní mílíọ̀nù méjì lítà lójúmọ́.

Ó pọ̀ létí, àbí? Hẹ́kítà ẹ̀fọ́ kan lè mu lítà 50,000 sí 60,000 lójúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láìka èyí tó ń ṣòfò. Tí ẹ bá fi ìdajì sílẹ̀ kí odò lè máa ṣàn, kí àwọn tó ń pọn ọ́n mu nísàlẹ̀ lè rí i pọn, omi hẹ́kítà 20 péré ló kù fún abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òǹkà yìí ló máa ń pa ariwo.

Ní ti pípín in dọ́gba, mi ò fara mọ́ ọn. Àǹfààní omi ni kí ẹ pín. Mali, Mauritania àti Senegal dá àjọ OMVS sílẹ̀ ní ọdún 1972 nítorí odò Senegal. Ilẹ̀ Mali ni dáàmù Manantali wà, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ni ín ni, wọ́n sì jọ jẹ gbèsè rẹ̀. Nínú iná mànàmáná rẹ̀, Mali ń gba ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún, Senegal 33, Mauritania 15. Kò dọ́gba, síbẹ̀ wọ́n fọwọ́ sí i. Wàhálà náà wà níbẹ̀ o: lẹ́yìn tí wọ́n ṣe dáàmù wọn, àrùn tí ìgbín omi ń gbé kiri, irú àtọ̀sí ajá tí a mọ̀ níbí, tàn kálẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ odò náà. Ẹ pe àwọn elétò ìlera sí ìpàdé yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Dáàmù òkè odò yẹn lè ṣe yín lóore, tó bá jẹ́ pé omi oṣù kẹsàn-án ló ń gbà pamọ́, tó sì ń tú u sílẹ̀ lóṣù kejì. Torí náà, ẹ má kàn lọ bá wọn pé kí wọ́n má ṣe é. Ẹ dá owó sí i, ẹ fi àwọn ọ̀dọ́ yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ wá béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, kí páìpù kan wà nísàlẹ̀ ògiri dáàmù tí kò ní ìdérí rárá, tí ẹnikẹ́ni ò lè tì pa, kí omi díẹ̀ lè máa ṣàn wá sọ́dọ̀ yín nígbà gbogbo. Mo gbà yín níyànjú gan-an lórí èyí, torí àdéhùn ẹnu ò tó nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Èkejì, kí wọ́n máa pè yín lórí fóònù kí wọ́n tó ṣí omi ńlá. Àwọn ará etí odò Benue mọ ohun tí omi dáàmù Lagdo ti Cameroon ń fojú wọn rí nígbà òjò.

Ẹ ò mẹ́nu ba wúrà, ṣùgbọ́n mo mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí àwọn awakùsà bá ń fọ iyẹ̀pẹ̀ lókè odò yín, ẹrẹ̀ á kún dáàmù náà láìpẹ́, mẹ́kúrì, nǹkan olóró tí wọ́n fi ń ya wúrà, sì lè wọnú ẹja yín. Ẹ wo bí omi odò Ọ̀ṣun ṣe pọ́n. Òfin ìwakùsà ti 2007 ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lọ béèrè àdéhùn yẹn. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọba yín gbọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́.

Ẹ sì wádìí ibi tí odò yín ń ṣàn lọ. Òfin omi ti 1993 fi odò tó bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀ wá. Bí tiyín bá ń já sínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Àjọ Ogun-Osun, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn odò agbègbè wa, ní Abẹ́òkúta, kí abúlé òkè odò tó fi ìpìlẹ̀ dáàmù náà lélẹ̀.

Tí ẹ bá ti ní òǹkà oṣù kejì àti ìkẹta lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú gíga ògiri tí wọ́n fẹ́ mọ. Màá bá yín ṣírò bí ẹnu páìpù yẹn ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó.