Akọ̀ tí ó yẹ ìbọn ìléwọ́: ohun tí ojú mi rí ní Houston

Ẹ̀yin arákùnrin wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn ìléwọ́ Glock 19 ní Texas, tí ẹ béèrè bóyá akọ̀ aláwọ ni kí ẹ rà fún un tàbí akọ̀ oníke líle, àti bóyá inú ṣòkòtò ni ó yẹ kí ó wà tàbí abẹ́ abíyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi fúnra mi rí, nítorí ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ìbọn jáde ní Houston, akọ̀ mẹ́rin ni mo sì rà kí n tó rí èyí tí ọkàn mi balẹ̀ sí.

Aláṣọ ni àkọ́kọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà pé ó gba ìbọn gbogbo. Ó rọ̀, kò gún mi ní ìbàdí, owó rẹ̀ kò sì tó dọ́là 20. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní ilé ọ̀rẹ́ mi, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò olókùn, mo ki akọ̀ náà bọ abẹ́ okùn ṣòkòtò, mo sì wọlé lọ bá àwọn èèyàn. Bí mo ti dọ̀bálẹ̀ láti kí bàbá àgbà ọmọ tuntun náà, ìbọn yọ́ jáde nínú akọ̀, ó já sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà, nínú yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń sáré kiri. Èyí tí ó tún burú jù ni pé mo na ọwọ́ kí n gbá a mú kí ó tó kanlẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ọ̀pọ̀ ìbọn òde òní ni wọ́n ti ṣe tí kì í dún nítorí pé ó já sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìka tí ó ń wá ibi tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́ lè lọ bá tírígà, ìyẹn ibi tí a ń fi ìka tẹ̀ kí ìbọn tó dún. Ọlọ́run ló kó wa yọ lọ́jọ́ náà. Bàbá kò bá mi wí, ó kàn ní kí n dìde, ìyẹn sì dùn mí ju ìbáwí lọ.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ awọ àti ike, tírígà ni kí a kọ́kọ́ wò. Glock kò ní ìdè, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì dún, tí a ń fi àtàǹpàkò tì bí àwọn ìbọn kan ti ní. Ara tírígà gan-an ni ìdè tí ìka lè mọ̀ wà, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, ìbáà ṣe ìka, ìbáà ṣe etí ṣẹ́ẹ̀tì tàbí okùn jákẹ́ẹ̀tì, ìbọn yóò dún. Akọ̀ tí ó dára gbọ́dọ̀ bo tírígà pátápátá pẹ̀lú ohun tí ó le débi pé ìka kò lè tẹ̀ ẹ́ láti ìta. Ó gbọ́dọ̀ di ìbọn mú kódà bí a bá dorí rẹ̀ kodò. Ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yà sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fa ìbọn yọ.

Orí ẹnu akọ̀ yìí ni akọ̀ aláwọ mi ti já mi kulẹ̀. N kò kórìíra awọ. Akọ̀ aláwọ tí ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ rán máa ń bá ara mu, kì í pariwo, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ooru àti òógùn Houston mú kí tèmi rọ̀ láàárín ọdún kan àtààbọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́ wọnú, nígbà tí mo sì ń dá ìbọn padà sínú rẹ̀ ní ibi ìdánrawò, mo rí i pé nǹkan kan ń dènà. Mo dúró, mo fa ìbọn jáde, mo wò ó: etí awọ náà ti fẹ́ wọ inú òrùka tí ó yí tírígà ká. Bí mo bá ti ìbọn náà wọlé tipátipá ni, itan mi ni ọta ìbá gbà. Nítorí náà, ẹ máa fi ojú wo akọ̀ bí ẹ bá ń dá ìbọn padà, ẹ fi ọwọ́ kejì ká aṣọ kúrò, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, bí ohunkóhun bá sì dènà, ẹ dúró.

Akọ̀ Kydex, ìyẹn ike líle tí wọ́n fi iná rọ̀ tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́ àwòrán ìbọn kan pàtó, ni mo ń lò báyìí. Ó máa ń ha ara ìbọn díẹ̀, ó sì máa ń gún ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òógùn kò rí i ṣe, ẹnu rẹ̀ kì í sì í ṣẹ́. Ẹ rí i dájú pé ti Glock 19 ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá fẹ́ so iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìbọn náà lọ́jọ́ iwájú, akọ̀ mìíràn ni ẹ máa rà.

Ní ti ibi tí yóò wà, inú ṣòkòtò, lẹ́yìn ìbàdí ọ̀tún díẹ̀, ni mo yàn, ibi tí aago mẹ́rin máa wà bí a bá fi ìdodo ṣe aago méjìlá. Àwọn kan fẹ́ràn iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo nítorí ó yá láti fà yọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn á dojú kọ abẹ́ ikùn àti itan bí ènìyàn bá ti jókòó, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò sì gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti abẹ́ abíyá máa ń kọjú ẹnu ìbọn sí ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín. Ti ọrùn ẹsẹ̀ jìnnà sí ọwọ́. Ẹ gbàgbé méjèèjì. Ti àpò obìnrin ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbà fún ìyàwó yín, nítorí a máa ń gbé àpò sílẹ̀ lórí àga, ọmọ a sì máa tú u, bẹ́ẹ̀ òfin Texas sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó ní ọta mú nítorí pé àgbàlagbà fi àìbìkítà gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó.

Nígbà tí Texas gbà kí àwọn tó ní ìwé àṣẹ máa gbé ìbọn ní gbangba ní ọdún 2016, akọ̀ orí bẹ́líìtì tàbí ti èjìká nìkan ni òfin fi ọwọ́ sí. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 yọ ìhámọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìbọn tí ojú ń rí gbọ́dọ̀ wà nínú akọ̀ síbẹ̀.

Bẹ́líìtì ni ọ̀pọ̀ wa kì í náwó lé. Bẹ́líìtì ọ́fíìsì lásán á tẹ̀, akọ̀ á wọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ tún un ṣe níwájú àwọn èèyàn. Ẹ ra èyí tí ó le, kí ẹ sì ra ṣòkòtò tí ó fi íǹṣì kan tàbí méjì fẹ̀ ju tiyín lọ.

Bí akọ̀ bá dé, ẹ yọ gbogbo ọta, ẹ yẹ inú ihò ìbọn wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kó ọta lọ sí yàrá mìíràn, lẹ́yìn náà kí ẹ ki ìbọn òfìfo náà bọ akọ̀, kí ẹ dorí akọ̀ kodò lókè ibùsùn, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ tẹríba, ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀. Èmi dán tèmi wò bẹ́ẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbé e jáde. Ní ọjọ́ tí mo bá sì wọ ṣòkòtò olókùn, ìbọn kì í bá mi lọ sí òde. Inú àpótí onírin ni ó ń wà pẹ̀lú akọ̀ rẹ̀, ní títì pa, títí n ó fi padà délé.