Mo ti pé 48, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́: ṣé orí mi ń dàrú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 48 ni mí, mo sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan n'Íbàdàn. Láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn mi ti wọ yunifásítì ni ilé ti dá páro. Mo máa ń jí ní aago mẹ́ta òru, oorun ò ní wá mọ́, èrò á máa lọ á máa bọ̀. Iṣẹ́ mi ò wù mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi kọ́ mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ, òun ni mo sì ń rò ṣáá báyìí. Ó ń ṣe mí bíi kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn. Bàbá àwọn ọmọ sọ pé ayé ọmọge ló tún ń wù mí. Àbúrò mi obìnrin ní iṣẹ́ ayé ni, kí n lọ gbààwẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe mí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Orí yín ò dàrú. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun méjì ló lọ́ mọ́ra nínú rẹ̀: ara tó ń yí padà, àti ọkàn tó ń jí. Nínú iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tí mò ń ṣe, mo máa ń rí i pé ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á máa fi àdúrà wo ibi tó yẹ kó lo oògùn, á sì máa wá oògùn sí ibi tí kò sí àìsàn.

Ẹ jẹ́ ká ti ara bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 48 tó ń jí láago mẹ́ta òru, ó yẹ kó ṣàkíyèsí bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń wá. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń dúró fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n kó tó dúró pátá, ó lè fi ọdún mélòó kan ṣe ségesège. Ó lè pẹ́ kó tó dé, ó lè ya bí omi, ooru lè dédé bo èèyàn lójú àti lọ́rùn nínú ọyẹ́, oorun lè dá, ohun tí kò tó nǹkan sì lè máa bí èèyàn nínú. Èyí kì í ṣe àìsàn, àmọ́ ìtọ́jú wà fún un, kò sì sí ìdí tí ẹ ó fi máa fara dà á lásán. Ẹ lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó, kí wọ́n sì yẹ tírọ́ọ̀dì, ẹ̀yà ara kékeré kan nínú ọrùn, wò, torí tírọ́ọ̀dì tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè mú kó máa rẹ èèyàn, kí gbogbo nǹkan sì sú u. Lọ́jọ́ iwájú, bí nǹkan oṣù bá ti lọ fún oṣù 12 gbáko, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọ, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ìbànújẹ́ kan tún wà tó ju kí ilé dá páro lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ojoojúmọ́ ṣókùnkùn sí yín, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, tí àtidìde lórí ibùsùn di ogun, tàbí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ikú sàn, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Àìsàn ni, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn àti ní Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta. Ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti lọ sí Àrò nítorí ẹnu ará àdúgbò, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti fi hàn níbẹ̀ pé aláìsàn lè máa gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú abúlé, kó máa gba ìtọ́jú, kó má sì di ẹni ìtanù.

Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yín, kì í ṣe ìyẹn ni mo rí. Obìnrin tí nǹkan ń wù ni mo rí. Ẹni tí ìbànújẹ́ bíi ti àìsàn yẹn bá dì mú, nǹkan kì í sábà wù ú. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀: ẹ ń rántí aró, ẹ ń rántí ìyá àgbà, ọwọ́ yín ń yún yín láti ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ká sí kọ̀rọ̀ nítorí ọmọ títọ́ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń dìde. Kò kú, ó sùn ni.

Èrò pé ẹni tó bá ti ń lé ní 40 ayé rẹ̀ á dojú rú, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá. Elliott Jaques, ọmọ Kánádà tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1965. Ayé àwọn ayàwòrán, olórin àti akéwì ńlá ló yẹ̀ wò, ó ní bí wọ́n ṣe ń rí i pé ikú ń bẹ níwájú ni iṣẹ́ wọn ń yí padà tàbí tó ń dáwọ́ dúró. Ẹni ọdún 48 ni òun fúnra rẹ̀ nígbà náà, bíi tiyín gẹ́lẹ́, kò sì dáwọ́ dúró: ó ń kọ̀wé nìṣó, ọdún 2003 ló kú, lẹ́ni ọdún 86. Nínú ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin lára àwọn tí wọ́n bi léèrè ló ní irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ bá òun. Nígbà tí wọ́n tú u wò, ikú òbí, iṣẹ́ tó bọ́, ìgbéyàwó tó tú ló pọ̀ níbẹ̀, ohun tó lè dé bá ẹni ọdún 25. Àwọn bàbá wa ní tiwọn pín ayé sí òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, alẹ́ ni wọ́n sì ń gbàdúrà jù pé kó sàn.

Ẹ wo Funmilayo Ransome-Kuti l'Ábẹ́òkúta. Ọdún 1900 ni wọ́n bí i, olùkọ́ sì ni. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ló kọ́kọ́ ń darí, kó tó di pé àwọn ọlọ́jà tó fẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wọlé wá. Bó ṣe ń kọ́ wọn níwèé ló ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó orí ni wọ́n lára, bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 1946 ni ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ó ti lé ní 45 nígbà náà, ó sì ṣì ní ọmọ kékeré nílé. Ìró àti bùbá ló wá ń wọ̀ dípò aṣọ òyìnbó. Nígbà tó fi máa di ọdún 1949, Aláké ti fi ààfin sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé kò da iṣẹ́ olùkọ́ nù kó tó jí. Ìwé kíkọ́ni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ra aṣọ funfun yáàdì méjì àbọ̀. Ẹ ro ẹ̀kọ láfún, kó má ki jù, kó má ṣàn jù, ẹ wá ìyẹ́ adìyẹ tó le dáadáa, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ fi ìlà pín aṣọ náà sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ dán iṣẹ́ ọnà Ìbàdàndùn wò, èyí tó ní òpó Mápó àti ṣíbí nínú, kí ẹ wo bóyá ọwọ́ ṣì mọ ọ̀nà. Ẹ má tíì ro ti títà. Ẹ wo bí ara yín ṣe máa rí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ẹ ti tẹ̀ba lé ìyẹ́ kan ṣoṣo. Bí ọrùn bá ń ro yín tí ẹ ṣì ń retí Sátidé míì, ẹ ti rí nǹkan. Bó bá sì sú yín lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, á jẹ́ pé ìyá àgbà gan-an lẹ ń ṣàárò, kì í ṣe aró, ó sì dáa kí ẹ mọ ìyẹn kó tó di pé ẹ fi owó oṣù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ owó sí lóṣooṣù lọ́dọ̀ PFA (ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì), òfin ọdún 2014 sọ pé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìtíì pé 50, tí kò sì rí iṣẹ́ míì fún oṣù mẹ́rin, kò lè mú ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ. Ọdún méjì péré ló kù kí ẹ pé 50. Ẹ lọ béèrè iye tó wà lórúkọ yín, àti ètò tí ìpínlẹ̀ yín ń lò gan-an, torí kò dọ́gba níbi gbogbo. Ọdún méjì yẹn á tó fi mọ̀ bóyá àdìrẹ lè bọ́ yín.

Ní ti àbúrò yín, ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀. Ẹ gbàdúrà, àmọ́ ẹ má fi àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì lé àìsùn tó ti wà nílẹ̀, ẹ má sì gba ààwẹ̀ gbígbẹ kankan kí ẹ tó mọ bí ìfúnpá yín ṣe rí.

Bàbá àwọn ọmọ ló ṣòro díẹ̀. Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́ àti ìyàwó tó ń yí padà lójú rẹ̀ ló gbọ́, ni ẹ̀rù fi dọ̀rọ̀ ọmọge. Ẹ má bá a fà á lálẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹ mú ìwé owó dání, ẹ fi ọjọ́ Sátidé yẹn hàn án, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ò lọ ibì kankan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í pé kí lohun tí òun náà fi sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ dé. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò tíì rí ẹni bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn rí.