Èsì: Ohun tó mú kí mojito yín máa korò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mojito, ọtí àpòpọ̀ àwọn ará Kúbà, tí ẹ pò nílé korò. Ewé mint tí ẹ gún kúnná yẹn ló fà á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kúbà, ewé náà kì í já.

Ẹ da ṣúgà ṣíbí kékeré méjì sínú ife, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, kí ẹ wá fi ewé bíi mẹ́jọ sí i. Ẹ rọra fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ta sánsán sí yín nímú, ó tó. Ẹ má tẹ èèpo ọsàn mọ́ ọn o, òun náà ń korò! Ọtí rọ́ọ̀mù funfun 45 ml ló kàn, lẹ́yìn náà omi dídì, kí ẹ tó fi omi sódà tútù kún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oje ọsàn inú ike. Kò lè dùn tó ọsàn tútù láé.