Ohun tí ọlọ́jà kọ̀ láti tà ló pa HD DVD

Àbúrò kan béèrè pé ta ló parí ìjà Blu-ray àti HD DVD gan-an, ìyẹn oríṣi díìsì méjì tó ń gbé fíìmù HD (àwòrán tó mọ́ ju ti DVD lọ), tí wọ́n jọ ń du ipò DVD. Ó ní olùkọ́ sọ fún àwọn ní kíláàsì pé Hollywood ló dá ẹjọ́ náà, pé ọjọ́ tí Warner, ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá, ti kúrò lẹ́yìn HD DVD ni ọ̀rọ̀ ti bùṣe, àwọn ọlọ́jà kàn tẹ̀ lé wọn ni. Mo fẹ́ fèsì sí i, torí ó ṣojú mi kòró. Láti 2006 títí di 2008, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tó ń ta tẹlifíṣàn, kọ̀ǹpútà àti fíìmù ní Houston ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nídìí àtẹ fíìmù gan-an ni wọ́n sì fi mí sí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí olùkọ́ yín sọ.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀: agbára ọlọ́jà kì í sí nínú ọjà tó ń polówó. Inú ọjà tó bá ti sọ pé òun ò tà mọ́ ló wà.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: oṣù kẹrin 2006 ni Toshiba gbé ẹ̀rọ HD DVD wọ ọjà Amẹ́ríkà, 499 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Samsung gbé ẹ̀rọ Blu-ray wá ní 999 dọ́là. Ní oṣù kọkànlá ni PlayStation 3 ti Sony dé. Ẹ̀rọ géèmù ni, àmọ́ ó ń gbé Blu-ray. Microsoft náà ń ta ẹ̀rọ HD DVD téèyàn lè so mọ́ Xbox 360, 199 dọ́là. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù, Universal wà lẹ́yìn HD DVD nìkan. Sony, Disney àti Fox wà lẹ́yìn Blu-ray. Paramount àti Warner ń ṣe méjèèjì. Díìsì méjèèjì fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tòhún. LG ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbé méjèèjì ní 2007, 1,199 dọ́là. Ta ló fẹ́ rà á?

Orí pẹpẹ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Tí Warner bá gbé fíìmù tuntun jáde, ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa: DVD nínú ike dúdú, HD DVD nínú ike pupa, Blu-ray nínú ike búlúù. Fíìmù kan náà, òṣèré kan náà, àyè mẹ́ta. Pẹpẹ kì í gùn sí i. Tí a bá to pupa mẹ́wàá, nǹkan kan ní láti kúrò níbẹ̀ fún un, DVD lásán ló sì máa ń kúrò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pa owó wọlé. Ọ̀gá wa máa ń gba iwájú pẹpẹ yẹn kọjá láàárọ̀, ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bìkítà èwo ni àwòrán rẹ̀ mọ́ jù. Ohun tó ń wò ni àyè tí pupa gbà àti owó tí pupa mú wá, lẹ́yìn náà á wo ti búlúù. Àwọ̀ méjì tí kò tíì tà dáadáa ló jọ ń jẹ àyè ọjà tó ń tà. Ọlọ́jà wo ló máa gbà kí ìyẹn pẹ́? Kùtà ni ikú ọjà, owó tó bá ti há sínú kùtà kò ṣeé fi ra ọjà mìíràn.

Káúńtà tí wọ́n ti ń dá ọjà padà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn Kérésìmesì 2006, obìnrin kan mú díìsì pupa kan wá. Ó ti ya ọ̀rá ara rẹ̀, ó ti kì í bọ PlayStation 3 ọmọ rẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni pé fíìmù tí wọ́n bá ti ya ọ̀rá rẹ̀, a kì í dá owó rẹ̀ padà, irú rẹ̀ gan-an la lè fi pààrọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ gan-an kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé irú rẹ̀ gan-an ni kò ṣiṣẹ́! Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé díìsì náà sókè, ó ní, “HD ni wọ́n kọ sára tẹlifíṣàn mi, HD náà ni wọ́n kọ sára èyí, kí ló wá ṣe é?” Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, máníjà buwọ́ lù ú kó lọ mú búlúù, díìsì tó ti ṣí náà sì di ti ṣọ́ọ̀bù.

Obìnrin yẹn ò mọ Toshiba, kò mọ Sony. Àwa tó tà á fún un ló mọ̀, àwa náà ló sì bá jà. Gbogbo àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lórí iye ìsọfúnni tí díìsì kọ̀ọ̀kan lè gbà, orí káúńtà wa ló ń já sí, lọ́dọ̀ àwọn òbí tó kàn fẹ́ kí ọmọ wọn rí fíìmù wò. Ọ̀rọ̀ náà máa ń ká mi lára, torí owó tí wọ́n fi ṣòwúrọ̀ ṣalẹ́ wá ni wọ́n ń kó dání.

Gbólóhùn kan wà tí kò sí oníbàárà tí kì í sọ ọ́: “Èwo ni kí n rà?” Ibẹ̀ gan-an ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kì í ṣe ní Hollywood. Wọ́n ní ká má ṣègbè. Ká sọ pé ó dá lórí fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ràn: tó bá jẹ́ ti Disney, kí wọ́n ra Blu-ray, tó bá jẹ́ ti Universal, kí wọ́n ra HD DVD. Ẹni tó ti mú káàdì báǹkì rẹ̀ jáde, tó bá ti gbọ́ pé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wádìí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù tí òun fẹ́ràn, ojú rẹ̀ á ti yí padà. Á ní òun ń bọ̀, kò sì ní padà wá. Tàbí kó ra ẹ̀rọ DVD lásán, kó máa lọ sílé.

Olùtajà tó bá ń rí èyí lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi yan ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wa. A kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè dáhùn ìbéèrè ni: “Ṣé PlayStation 3 wà nílé yín?” Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ mú búlúù. Tí wọ́n bá ní rárá, a ó mú wọn lọ síwájú tẹlifíṣàn tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù, Blu-ray ló sì ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ọjà òun wà níbi tí ojú ti ń kọ́kọ́ bọ́ sí máa ń sanwó fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àtẹ ọlọ́jà kì í ṣègbè.

Nígbà tó di 2007, àwọn ilé ìtajà ńláńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lójú ayé ohun tí àwa ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Blockbuster, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí fíìmù yíyá nígbà náà, ti kó méjèèjì sínú ṣọ́ọ̀bù 250 láti fi wo ibi tí ọjà máa fì sí. Nínú 100 tí àwọn èèyàn bá yá, ó lé ní 70 tó jẹ́ Blu-ray. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n kéde pé ṣọ́ọ̀bù 1,450 mìíràn tí wọ́n máa kó ọjà náà sí, Blu-ray nìkan ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Ní oṣù keje, Target ní ẹ̀rọ Blu-ray ti Sony nìkan ni òun máa tà nínú ṣọ́ọ̀bù òun, iwájú ìlà pẹpẹ ni òun sì máa gbé e sí kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Díìsì pupa ṣì wà lórí pẹpẹ Target o. Àmọ́ ta ló ń ra díìsì níbi tí kò ti rí ẹ̀rọ rẹ̀ rà?

Ẹ wá wo oṣù tó tẹ̀ lé e, torí òun ni mo fẹ́ kí àbúrò mú lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2007, Paramount àti DreamWorks Animation fi Blu-ray sílẹ̀, wọ́n bọ́ sẹ́yìn HD DVD pátápátá. Tó bá jẹ́ pé Hollywood nìkan ló ń dájọ́, ìgbà yẹn ló yẹ kí Blockbuster àti Target yíwọ́ padà. Wọn ò yí i padà.

Walmart, ilé ìtajà ńlá mìíràn, tiẹ̀ gbìyànjú láti ti pupa lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá 2007, wọ́n ta ẹ̀rọ Toshiba HD-A2 ní 98.87 dọ́là. Best Buy, ilé ìtajà ẹ̀rọ, náà já a wálẹ̀ sí nǹkan bí 100 dọ́là. Ó tà wàràwàrà. Àwọn tó rà á ń wá bá wa ra okùn HDMI tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣàn, mo sì máa ń bi wọ́n pé fíìmù wo ni kí n bá wọn mú. Èsì tí mo ń gbọ́ ni pé àwọn DVD tó wà nílé ni àwọn fẹ́ fi wò. Òótọ́ sì ni, ẹ̀rọ náà máa ń mú kí àwòrán DVD lásán mọ́ sí i. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọn ò ra díìsì. Ọlọ́jà lè fi owó pọ́ọ́kú ta ẹ̀rọ kan tán lọ́jọ́ kan, kò lè fi tipátipá mú èèyàn ra fíìmù tó máa wọ̀ ọ́.

Warner kéde ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní 2008 pé Blu-ray nìkan ni òun ń lọ. Ìyẹn dun Toshiba wọra, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Warner yìí kan náà ló ń ta àwọ̀ méjèèjì, ó ń rí iye tó ń jáde lórí pẹpẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Láàárín 2007 ní Amẹ́ríkà, bí HD DVD kan bá tà, Blu-ray bíi méjì ló ń tà. Kí wá ni Toshiba ṣe lẹ́yìn Warner? Ó jà. Ó já owó ẹ̀rọ rẹ̀ wálẹ̀ ní oṣù yẹn kan náà, ó tún ra àyè ìpolówó nígbà Super Bowl, ìdíje bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò lórí tẹlifíṣàn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi wà lẹ́nu ìjàkadì náà.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, Netflix, tó ń fi díìsì ránṣẹ́ sílé fún àwọn tó ń yá fíìmù nígbà náà, ní òun ò ra HD DVD mọ́. Ọjọ́ kan náà ni Best Buy ní Blu-ray ni àwọn òṣìṣẹ́ òun á máa júwe fún oníbàárà. Ní ọjọ́ 15, Walmart ní títí oṣù kẹfà, pupa máa kúrò lórí àtẹ òun pátápátá. Ní ọjọ́ 19, Toshiba sọ pé òun ò ṣe é mọ́. Lẹ́yìn Warner, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn Walmart, ọjọ́ mẹ́rin. Walmart ló ń ta DVD jù ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Iye tí ọlọ́jà bá béèrè fún ni ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ̀, ọjà tí kò bá sì sí lórí àtẹ ẹni tó ń tà jù, ta ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún?

Ẹnu ò ya àwọn àgbà tí mo bá nídìí iṣẹ́ náà, torí wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ní 1998, Circuit City, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ìtajà, gbé DIVX jáde. Díìsì 4.49 dọ́là ni. Téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, wákàtí 48 ló ní. Tó bá tún fẹ́ wò ó lẹ́yìn ìyẹn, ó máa sanwó sí i, wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi so ẹ̀rọ náà mọ́ ilé-iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà yòókù ni kò gbé e. Bóo ṣe fẹ́ kí Best Buy máa ta ọjà tó jẹ́ pé àpò ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ni èrè rẹ̀ ń bọ́ sí? Ní oṣù kẹfà 1999, Circuit City pa á tì. Ọlọ́jà kan ló gbé e dìde, àwọn ọlọ́jà yòókù ló kọ̀ ọ́.

Ti VHS àti Betamax, oríṣi kásẹ́ẹ̀tì fíìmù méjì tó bá ara wọn jà ṣáájú ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń yá fíìmù kò lówó tó máa fi ra ẹ̀dà méjì fíìmù kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ nílé àwọn aládùúgbò ló ń rà. Nílé náà, àwọn máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà àti Alábà ló ń náwó sí fíìmù tí wọ́n tún ń tà á. Nígbà tí wọ́n kúrò nídìí kásẹ́ẹ̀tì, VCD ni wọ́n gbá mú, bẹ́ẹ̀ DVD tó mọ́ jù ú lọ ti wà láyé. Ohun tí wọ́n gbé sórí àtẹ la sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wò.

Lẹ́yìn tí Toshiba kúrò, gbàǹjo ló kù. A kó àwọn díìsì pupa sínú agbọ̀n níwájú ṣọ́ọ̀bù. Best Buy fún àwọn tó ti ra ẹ̀rọ HD DVD lọ́dọ̀ rẹ̀ ní káàdì 50 dọ́là, mo gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn. Níbi tí mo wà, a ò ní irú ẹ̀, ìròyìn ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa fi gbọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ra nígbà Kérésìmesì ti di ohun àná. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí a pè wọ́n. Nọ́ńbà fóònù wọn wà lọ́wọ́ wa.

Àbúrò tún béèrè pé tí Walmart bá ti dúró gbọin lẹ́yìn HD DVD ńkọ́, ṣé ì bá yè? Ní oṣù kejì 2008, rárá. Universal, Paramount àti DreamWorks nìkan ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Àmọ́ ká ní oṣù kẹjọ 2007 ni, nígbà tí Paramount ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, tí Walmart, Best Buy àti Netflix sì jọ sọ nígbà yẹn pé pupa ni àwọn ń lọ, mo rò pé Warner ì bá ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó kúrò. Ẹ to oṣù wọn tẹ̀ lé ara wọn fún olùkọ́ yín: Blockbuster ní oṣù kẹfà, Target ní oṣù keje, Paramount ní oṣù kẹjọ, kí Warner tó wá dé ní oṣù kìíní ọdún kejì.