Bí Òjíṣẹ́ cAMP Ṣe Ń Tú Òṣìṣẹ́ Sílẹ̀ Nínú Ara

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ń kàwé sókè lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ tó ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní cAMP ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń mú kí ọkàn sáré, òun náà ló ń yọ́ ọ̀rá ara, òun náà sì ni àrùn onígbáméjì ń lò láti fi gbọ́n omi ara ènìyàn dànù. Mo bi í pé báwo ni ohun kan ṣoṣo ṣe ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin tí kò jọra, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. (Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, bàbá. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kò ṣì í bi. Ìbéèrè yìí gan-an ló wà níwájú àwọn onímọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, láti ìgbà tí wọ́n ti rí cAMP, òjíṣẹ́ kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, títí dìgbà tí wọ́n fi rí ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, àwọn ẹṣẹ́ kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín a tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣúgà tó kó pamọ́ jáde. Ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, Earl Sutherland àti Theodore Rall lọ ẹ̀dọ̀ ẹranko kúnná, wọ́n sì fi ẹ̀rọ yí i títí ó fi ya sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ àti omi tó tòrò lókè. Wọ́n fi adrenaline sínú omi tó tòrò, ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń gé ṣúgà níbẹ̀ kò ta jí. Wọ́n wá fi í sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìkan, wọ́n sè é, wọ́n bu oje rẹ̀ sínú omi tó tòrò yẹn, ẹ́ńsáìmù náà sì ta jí. Ohun kan wà nínú oje náà tí iná kò lè bà jẹ́, cAMP ni. Ọdún 1957 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, Sutherland sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1971.

Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni awọ sẹ́ẹ̀lì wà, èyí sì fi hàn pé adrenaline kò nílò láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, bí àlejò tó wá sí ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé ìlàrí ni yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹ́ńsáìmù kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì a mú ATP, èròjà tó ń gbé agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, a gé fọ́sífétì méjì kúrò lára rẹ̀, a sì tẹ ìyókù po bí òrùka. Òrùka yẹn ni cAMP, ìlàrí wa.

Ní ọdún 1968 ni Donal Walsh, John Perkins àti Edwin Krebs rí ẹni tí ìlàrí ń jíṣẹ́ fún, nínú iṣan ara ehoro: kínéèsì kan (ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì) tí a ń pè ní PKA. Ègé mẹ́rin ló so pọ̀ di PKA. Méjì jẹ́ òṣìṣẹ́, méjì jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ti apá kan ara rẹ̀ bọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu, tí kò fi lè ṣe ohunkóhun. cAMP kì í fọwọ́ kan òṣìṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ló ń dì mọ́, méjì fún ẹ̀ṣọ́ kan, mẹ́rin lápapọ̀, ìrísí ẹ̀ṣọ́ a sì yí padà, ẹnu òṣìṣẹ́ a bọ́. Ìdí nìyí tí èmi kò fi fẹ́ràn kí a máa sọ pé cAMP ń fún kínéèsì lágbára. Agbára ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdè ni cAMP ń tú.

Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: yóò já fọ́sífétì kan lára ATP, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì mìíràn. Ní ọdún 1969, J. F. Kuo àti Paul Greengard wá kínéèsì yìí nínú onírúurú ẹran ara láti ara onírúurú ẹranko, wọ́n sì rí i káàkiri. Ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà, bàbá. Ìlàrí kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ bá nílé ló yàtọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀, ó bá àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń bójú tó ṣúgà. Ó ta èyí tó ń tú u jí, ó sì dá èyí tó ń tò ó jọ dúró. Nínú ọkàn, ó bá ihò tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Nínú ọ̀rá, ó bá ẹ́ńsáìmù tó ń yọ́ ọ. Nínú ìfun, ihò tí kílóráìdì ń gbà jáde ló bá. Oró onígbáméjì a há ohun tó ń pàṣẹ ṣíṣe cAMP sípò kan, kò ní lè dáwọ́ dúró mọ́. Kílóráìdì a máa tú jáde, iyọ̀ àti omi a tẹ̀ lé e, ìgbẹ́ a funfun bí omi ìrẹsì. Ilẹ̀kùn tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé kò bà jẹ́ ní tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń bu ṣúgà sí omi oníyọ̀ tí a ń fún aláìsàn.

Ìlàrí mìíràn tún wà, cGMP, tó ní kínéèsì tirẹ̀ tí ń jẹ́ PKG. Nínú ti ẹ̀yìn yìí, ara kan ṣoṣo ni ẹ̀ṣọ́ àti òṣìṣẹ́ wà, wọn kì í pínyà. Ó sì wà lára ohun tó ń mú kí iṣan òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé obì tí a ń jẹ náà ń ṣiṣẹ́ lára cAMP? (Òǹkàwé kan, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń já òrùka cAMP kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù, kaféènì inú obì àti kọfí sì lè dí i lọ́wọ́. Sutherland fúnra rẹ̀ àti R. W. Butcher kọ ọ́ ní ọdún 1962. Ìwọ̀n kaféènì tí èyí gbà ju èyí tí awẹ́ obì díẹ̀ lè fún ara lọ. Nínú ọpọlọ, àyè tí adenosine, tó ń mú oorun kun ni, yẹ kó jókòó sí ni kaféènì ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.