Èsì: Kí ló dé tí PES 2021 kò kúrò nílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù géèmù l'Ádó-Èkìtì fi di PES 2021, géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, mú nígbà tí eFootball tó rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ọ̀hún náà rèé! Nígbà tí eFootball 2022 jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, kíláàbù mẹ́sàn-án péré ló wà nínú ẹ̀, kò sí Master League, ìyẹn ibi tí èèyàn ti ń darí kíláàbù láti sáà dé sáà, ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù sì rí wúruwùru. Konami, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù méjèèjì, fúnra wọn tọrọ àforíjì. Wọ́n ti tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ ọkàn wa ti kúrò níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń lọ nítòsí Fájuyì, àmì orí bọ́tìnnì ṣúùtù ti pa rẹ́ lára páàdì, síbẹ̀ PES yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí. Kì í kúkú jẹ dátà.